Onílé Oṣù Kejìlá

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù gbọ́ wa láti Peckham, láti Manchester, láti Houston, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ òní kàn jù, ó sì kan ẹni tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ilé yín sí lọ́wọ́.

Àwọn géètì kan wà ní Ogudu níhìn-ín tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Láti oṣù Kejì ọdún títí wọ oṣù Kọkànlá, wọn kì í ṣí àfi tí ọkùnrin kan bá yọjú pẹ̀lú ìgbálẹ̀, tó gbá iwájú ilé, tó tún wọlé lọ. Fèrèsé òkè wà ní títì pa. A kì í gbọ́ ariwo ọmọdé níbẹ̀, a kì í gbọ́ òórùn ata díndín. Ṣùgbọ́n bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé báyìí, ẹ ó rí akunlé lórí àkàbà, ẹ ó rí ẹni tó ń ro koríko, ẹ ó gbọ́ tí ẹ̀rọ tó ń fa omi ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Tó bá tún di ọjọ́ díẹ̀ sí i, ọkọ̀ á dúró, wọ́n á máa sọ àpótí ńláńlá kalẹ̀. Onílé dé nìyẹn.

Kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ ni mò ń bá wí o. Àwọn ọ̀dọ́ tí à ń pè ní IJGB (I Just Got Back), tí wọ́n ń wá ṣe àríyá Detty December ní Victoria Island àti Lẹ́kkí, ọ̀rọ̀ tiwọn kò le. Wọ́n á jó, wọ́n á náwó, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Àwọn tí mo ní lọ́kàn ni àwọn bàbá àti ìyá tó ti Èkó lọ sí Ìlú Ọba láyé ìgbà tí náírà ṣì níyì, tí wọ́n wa bọ́ọ̀sì níbẹ̀, tí wọ́n tọ́jú aláìsàn, tí wọ́n ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tí wọ́n sì ń rán owó wálé díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi kọ́ ilé kan sí Ogudu. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí òtútù bá ti ń bọ̀ lọ́hùn-ún, orúnkún wọn ló kọ́kọ́ ń mọ̀, ilé ni wọ́n sì ń bọ̀.

Ẹni tí kò bá tíì rí òtútù Ìlú Ọba rí lè máa rò pé wọ́n ń ṣe ṣàkàrà ni. Láàárín oṣù Kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ni oòrùn ń yọ ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì ní í lu aago mẹ́rin ọ̀sán kó tó wọ̀. Lọ́jọ́ kan náà ní Èkó, aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí oòrùn ti yọ, ó sì di bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ kó tó wọ̀. Àwọn aláṣẹ ìlera Ìlú Ọba fúnra wọn ló ń gba àwọn aláwọ̀ dúdú níyànjú pé kí wọ́n máa lo oògùn fítámì D yípo ọdún, nítorí pé oòrùn ibẹ̀ kò tó fún irú awọ ara tiwa. Àgbàlagbà wá jókòó sínú yàrá, ó ń wo ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ó ń ṣírò iye tí yóò san. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ̀ òfuurufú láti Lọ́ńdọ̀nù sí Ìkẹjà kò gbà ju nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lọ. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024, Air Peace tiwa náà ti wà lójú ọ̀nà ọ̀hún, láti Gatwick. Láti pápákọ̀ Ìkẹjà sí Ogudu, èèyàn kò gun afárá orí ọ̀sà kankan. Mo rò pé ìdí kan nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi fẹ́ràn apá ibí ju Lẹ́kkí lọ.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí wọn kò kúkú kó wálé pátápátá? Ìbéèrè tó dáa ni, owó ló sì dáhùn rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Ìlú Ọba, tó wá jáde lọ lo ìsinmi, owó rẹ̀ kò ní í dúró. Ṣùgbọ́n bó bá kó wá sí Nàìjíríà láti máa gbé, iye tí wọ́n ń san fún un lọ́jọ́ tó kó wálé ni wọ́n á máa san títí ayé rẹ̀. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún á máa gba àlékún lọ́dọọdún, tiẹ̀ á dì gbagidi sójú kan, nítorí kò sí àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ẹ tún wo àwọn tó ń gba ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Pension Credit. Bí wọ́n bá lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ lẹ́yìn odi láìsí ìdí pàtàkì bí ikú tàbí àìsàn, ìrànwọ́ náà á dúró. Nítorí náà, bí ẹ bá rí bàbá kan tó ń ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà lọ́sẹ̀ kejì oṣù Kìíní, ẹ má pè é ní ahun. Ìṣirò ló ń ṣe. Ẹ sì tún fi ti ilé ìwòsàn kún un: NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, kì í tẹ̀lé èèyàn wá sí ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe wa níbí, bẹ́ẹ̀ náà ni Medicare ti àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ilé méjì náà ló wà nílẹ̀ nìyẹn, kò sì sí èyí tí a lè jù nù.

Ẹ jẹ́ ká gbádùn díẹ̀ ná. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n wá jẹ. Àwọn ọmọ wọn á ní súyà. Àwọn àgbà á ní àgbálùmọ̀. Oṣù Kejìlá ni àgbálùmọ̀ máa ń yọjú sí ìgboro, bí ẹni pé ó gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀. Ẹ lọ sí Ojota, níbi tí ère Gani Fawehinmi dúró sí, ẹ ó rí àwọn ìyá tó tò ó sórí ọpọ́n. Mo dúró wo ìyá àgbà kan lọ́jọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé e sí imú, ó kọ̀ ọ́, ó mú òmíràn. Ó fi eyín já a lórí, ó fa omi rẹ̀, ojú rẹ̀ pa pọ̀ nítorí pé ó kan díẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó tu kóró rẹ̀ sọ́wọ́, ó wá ń jẹ èèpo rẹ̀ lẹ́nu títí ó fi di gọ́ọ̀mù, tí oje funfun lẹ̀ mọ́ ọn ní ètè. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó dúró tì í ní kí wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ kó tó jẹ ẹ́. Ìyá àgbà ò tiẹ̀ dá a lóhùn. Bí ẹ bá kọjá sí Mile 12, tòmátò ti ń rọ̀ ní owó ju ti ìgbà òjò lọ, torí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ti òkè Ọya ń pọ̀ dáadáa. Òsàn náà wà. Oṣù dáadáa ni oṣù Kejìlá jẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ Èkó ní ojú rere.

Ojú rere yẹn gan-an ni ìṣòro tí mo fẹ́ sọ.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé bẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà òyìnbó ni kí èèyàn ní ilé méjì. Lóòótọ́, àwọn ará Kánádà ń sá fún yìnyín lọ sí Florida, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lọ sí Sípéènì. Ṣùgbọ́n kí òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti ń gbé ilé méjì. Ẹ wo Ìbàdàn. Àgbẹ̀ ní ilé nínú ìlú, ní agbo ilé bàbá rẹ̀, ó sì ní abà lóko. Ó lè lo ọ̀pọ̀ oṣù lábà nígbà iṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá di ọdún eégún, tàbí Òkè'bàdàn, tàbí ìgbéyàwó, tàbí ìpàdé ẹbí, ilé ló ń bọ̀. Bó bá kú sí abà, wọ́n á gbé e wálé wá sin. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, tí ó kọ ìwé ńlá lórí àwọn ìlú wa jáde lọ́dún 1968, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wo bí ìlú Yorùbá àti oko rẹ̀ ṣe so mọ́ ara wọn. Àwọn bàbá wa kò dúró de ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko, wọ́n gbé e bẹ́ẹ̀, ó sì pé wọn.

Kí ló wá yàtọ̀? Àwọn bàbá wa ní ilé méjì, ṣùgbọ́n wọn kì í ti ọ̀kan pa. Ẹni tó lọ sóko fi ìyá àgbà sílé, ó fi àbúrò sílé, ó fi àwọn ọmọ tó ń lọ ilé ìwé sílé. Bí òrùlé bá jò, ẹni tí omi kán sí lórí náà ló máa gun òkè lọ dí i. Kò sí pé à ń kọ lẹ́tà sóko. Ilé tí a fi àgádágodo tì fún oṣù mẹ́wàá, tí ẹnì kan ṣoṣo wà ní yàrá ẹ̀yìn, tó ń ṣọ́ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, èyí gan-an ni nǹkan tuntun, a kò sì tíì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ wò ó, onílé oṣù Kejìlá kì í rí òjò. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bá a nílé, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń fi ilé sílẹ̀. Ó mọ eruku ọyẹ́ tó ń bo àga, ó mọ ètè tó ń là, ó mọ gbogbo ìgbà tí ìkùukùu ọyẹ́ dá ọkọ̀ òfuurufú dúró. Kò mọ ohun tí ilé rẹ̀ ń fojú rí lóṣù Kẹfà, nígbà tí òjò Èkó bá dé góńgó. Kò mọ ti oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá nígbà tí òjò bá tún padà, tí odò Ògùn kún àkúnya, tí omi sì wọlé tọ àwọn ará Ajégúnlẹ̀ Ìkòròdú Road àti Agíliti lọ́hùn-ún létí Mile 12. Kò jẹ àgbàdo tuntun níbí láti ìgbà tó ti lọ. Ó kọ́ ilé, ìdajì ilé náà ló mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá kan fún yín, mi ò ní í dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní í sọ òpópónà rẹ̀. Lóṣù Kẹfà ọdún kan, alámòójútó ilé rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bàbá, òjò ti wọ yàrá Màmá o. Kápẹ́ńtà ní kí a tètè pààrọ̀ páànù mẹ́rin, kí igi má baà jẹrà." Bàbá gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó pè é padà: "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ṣé kì í ṣe inú yàrá yẹn ni mo sùn lóṣù Kìíní? Ẹ̀kán omi kan ò kán sí mi lára!" Òótọ́ ni bàbá sọ. Oṣù Kìíní ni. Ó fi ìdajì owó ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n fi ṣe é "kó ṣì máa lọ ná." Wọ́n fi gọ́ọ̀mù dúdú lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, kí bàbá tó dé, wọ́n kun gbogbo ilé ní ọ̀dà funfun gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ọ̀dà bo àbàwọ́n omi tó wà lára POP àjà. Bàbá wọlé, ó gbójú sókè, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Níbo ló ti jò?" Ọmọkùnrin náà kò fèsì. Ta ni yóò bá ọ̀gá rẹ̀ jà lọ́jọ́ tó dé? Ọdún kejì, bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹta, láàárín oṣù Keje, POP já lulẹ̀ gbàgà sórí bẹ́ẹ̀dì. Igi òrùlé ti jẹrà dé ibi tí ọwọ́ ń wọ̀ ọ́. Páànù mẹ́rin tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan di odidi òrùlé.

Mi ò dá bàbá lẹ́bi tán o. Ojú àwọn ará òkè òkun ti rí màbo. A mọ ẹni tó ń rán owó ilé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ọdún fi gorí ọdún, tí wọ́n ń fi fọ́tò ilé ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí i, tó wá délé tó bá igbó. A mọ ẹni tó wọ inú ilé ara rẹ̀ tó bá ayálégbé níbẹ̀ tí wọ́n ń bi í pé ta ló ń wá. Ẹ rìn yípo Kosofe, ẹ wo ara ògiri: "This house is not for sale", ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2016, gómìnà Akinwunmi Ambode buwọ́ lu òfin ìpínlẹ̀ Èkó tó ka fífi ipá gba ilẹ̀ tàbí ilé onílé sí ẹ̀ṣẹ̀, tó sì ní kí a fi ẹni tó bá ta ohun kan náà fún èèyàn méjì jófin. Òfin wà. Ọ̀dà pupa náà ṣì wà lára ògiri. Ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ rí, bí wọ́n bá sọ fún un pé òrùlé ń jò, apá ọ̀tún rẹ̀ á lọ sí àpò, apá òsì rẹ̀ á dì í mú.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí èèyàn fi lè mọ òótọ́ láìfi ilé rẹ̀ ṣe ìdánwò. Ẹ má gba fọ́tò. Ẹ ní kí wọ́n fi fídíò pè yín nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ fojú ara yín rí ibi tó ń kán. Owó kápẹ́ńtà, ẹ san án sí àpò báńkì kápẹ́ńtà fúnra rẹ̀. Ẹ wọ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, kí ẹ sì máa san owó yín déédéé, nítorí ẹni tó jẹ gbèsè owó ọlọ́dẹ àti owó ìfọ̀gọ́tà fún ọdún mẹ́ta, aládùúgbò wo ni yóò gun àkàbà nítorí rẹ̀? Èyí dùn mí lára, mo jẹ́ ará àdúgbò. Àwa tí a wà nílé là ń dáwó tún tiransifọ́mà ṣe, iná ọ̀hún sì ni ẹ fi ń mu ọtí tútù lọ́dún.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí ń kú jẹ́ẹ́ bí onílé kò bá sí nílé. SIM Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan. Lábẹ́ òfin NCC, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, nọ́ńbà tí ẹ kò bá fi pe ẹnikẹ́ni, tí ẹ kò ra nǹkan kan sí fún oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ fóònù lè tì í pa. Bó bá tún tó oṣù mẹ́fà mìíràn, wọ́n lè fi í fún ẹlòmíràn. Nọ́ńbà yẹn sì ni báńkì yín ń fi ọ̀rọ̀ àṣírí ránṣẹ́ sí! Ẹ jẹ́ kí alámòójútó máa fi káàdì díẹ̀ sí i, kó sì máa fi pè yín lóṣooṣù. Ẹ wo mítà iná náà. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni gbèdéke tí gbogbo mítà tó ń lo tókìnì gbọ́dọ̀ ti gba àtúnṣe. Ẹni tí kò tẹ àwọn nọ́ńbà àkànṣe tí wọ́n fún un sínú mítà rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn, mítà náà kò gba tókìnì mọ́. Lóṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn onílé dé, wọ́n ra iná, mítà kọ̀ ọ́ lójú wọn, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ṣe Kérésì. Ohun tí wàhálà ìṣẹ́jú méjì ì bá yanjú ni, ká ní ẹnì kan wà nílé tí wọ́n fún láṣẹ láti fọwọ́ kan nǹkan.

Ó wá kan owó oṣù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè mú kí àwọn kan pa rédíò. Ẹ má pa á. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé ìdajì, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦460 ní báńkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó ń fi pọ́n-ùn rán owó wálé mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún òun: ohun tó ń san látijọ́ ti di owó táṣẹ́rẹ́ lójú rẹ̀. Ṣé ẹ ti ṣe àlékún fún ẹni tó ń ṣọ́lé? Ìrẹsì tó ń rà ní Mile 12 kò dúró dè é. Lọ́dún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, ìjọba Èkó sì ní ₦85,000 ni tòun. Mo mọ ilé olókè méjì kan tí wọ́n fi mábù ṣe ilẹ̀ rẹ̀, ₦30,000 ni ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ń gbà, ó sì ní ìyàwó àti ọmọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá yọ dísẹ́lì nínú jẹnẹrétọ̀ tà, olè ni, mi ò ní í gbè é. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ pé ohun tí òun ń gbà kò tó jẹun?

Èrò tèmi ni pé kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣọ́lé gbé inú ilé. Ẹ fún òun àti ẹbí rẹ̀ ní yàrá gidi nísàlẹ̀, kí wọ́n máa se oúnjẹ níbẹ̀, kí ọmọ máa sáré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tàbí kí ẹ fi ìsàlẹ̀ rẹ́ńtì fún ẹni tí ẹ mọ̀, kí ẹ fi òkè sílẹ̀ fún ara yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò. Ikán kì í pẹ́ mọ ilé tí a kì í tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á ba ògiri jẹ́ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ó kun ún. Ṣebí ẹ ń kun ún lọ́dọọdún tẹ́lẹ̀.

Ti ara yín ńkọ́? N kò ní í pẹ́ lórí èyí, dókítà yín á ṣàlàyé jù mí lọ. Ara tó ti pẹ́ lókè òkun kò mọ ibà Èkó mọ́. Lọ́dún 2023, iye àwọn tí wọ́n rí ibà lára wọn ní Ìlú Ọba lẹ́yìn ìrìn-àjò ju 2,000 lọ, ó sì ti ju ogún ọdún lọ tó ti dé irú iye bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n lọ kí ẹbí nílẹ̀ Áfíríkà. "Ibí ni wọ́n bí mi sí" kì í ṣe oògùn. Ẹ gba oògùn ìdènà ibà kí ẹ tó gbéra, ẹ lò ó tán bí wọ́n ṣe ní kí ẹ lò ó, ẹ sì sùn sábẹ́ àwọ̀n. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ, ẹ gbé iye tó máa tó yín dání, kí ẹ fi sínú báàgì ọwọ́. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀rọ ìfàsímú rẹ̀: eruku ọyẹ́ kì í ṣàánú, owó irú àwọn oògùn bẹ́ẹ̀ sì ti gun òkè láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK ti kéde lóṣù Kẹjọ ọdún 2023 pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Gbágadà kò jìnnà. Ẹ mọ ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó di òru.

Kí ẹ sì rántí ilé kejì tó wà lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ìbánigbófò níbẹ̀ kò bo ilé tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ ju ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí ọgọ́ta lọ. Bí omi bá dì nínú páìpù tó bẹ́, ẹ ó padà bá odò ní Peckham. Ẹ fún ẹnì kan ní kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀ náà.

Nígbà tó bá wá di ìparí oṣù Kìíní, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù: gàrí, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ pe alámòójútó jókòó. Kì í ṣe ní ẹnu géètì tí takisí ti ń fọn fèrè o; ẹ jókòó ní pálọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí omi ti ń wọlé, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Ẹ fi owó òrùlé sílẹ̀ lọ́tọ̀, kó má jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ló máa fi gbà á lóṣù Kẹfà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín rèé: ẹ fi Kérésì kan sílẹ̀, kí ẹ wá lóṣù Kẹfà. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Owó ọkọ̀ máa ń rẹlẹ̀ ju ti oṣù Kejìlá lọ kí àwọn ọmọ ilé ìwé lọ́hùn-ún tó gba ìsinmi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kun ilé dè yín. Ẹ sùn nínú yàrá yín, kí òjò rọ̀ mọ́jú, kí ẹ bá alámòójútó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí agbára yín kò bá gbé e, ẹ rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, èyí tí yóò jogún ilé ọ̀hún ni kí ẹ rán. Kó mú agbòjò dání, kó sì gba nọ́ńbà kápẹ́ńtà.